Bí ẹ ṣe máa ka MAC àti dátà WiFi látinú fláàṣì ráútà OpenWrt, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan

Ráútà méjì ló wà lórí tábìlì mi lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, TL-WR841N v9 ni méjèèjì, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ìkejì ò tàn mọ́. Mo ní ṣebí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, mo bá kọ́pì gbogbo fláàṣì (ṣíìpù tí ráútà ń tọ́jú nǹkan sí) èyí tó ń ṣiṣẹ́, mo dà á sórí ìkejì, ó sì jí. Inú mi dùn débi pé mo so méjèèjì mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà lójú ẹsẹ̀. Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o, íntánẹ́ẹ̀tì á wá, á lọ, á tún wá, mo pààrọ̀ káébù, mo pààrọ̀ ṣájà, mo bú gbogbo ayé, ọjọ́ méjì gbáko. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló padà sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo MAC wọn, ọ̀kan náà ni mò ń rí o." Mo wò ó, òótọ́ ni ọmọ yẹn sọ. MAC ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ̀rọ méjì ò gbọdọ̀ jọ ní ọ̀kan náà.

Ti MAC ò le, ó wà lára sítíkà ìdí ráútà, mo kàn dá a padà ni. Àmọ́ dátà WiFi ẹ̀ ńkọ́? Ní iléeṣẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá to bọ́ọ̀dù tán, wọ́n á wọn rédíò ẹ̀, wọ́n á wá kọ ohun tí wọ́n rí sínú ṣíìpù fláàṣì, bí agbára tó máa fi sọ̀rọ̀ lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ṣe gbọdọ̀ rí. Ti ráútà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, kò sí lára sítíkà, kò sí níbi tẹ́ ẹ ti lè lọ dánlóòdù ẹ̀, inú ṣíìpù yẹn nìkan ló wà. Mo ti kọ ti ẹlòmíì lé e lórí. WiFi ráútà yẹn ò lè dé yàrá kejì dáadáa títí dòní.

Nítorí náà kíkà ni mo fẹ́ kọ yìí, kì í ṣe kíkọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan sí fláàṣì kó kọ́kọ́ kà á ná.

Ibi mẹ́ta ni ráútà tó ń lo OpenWrt, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí a fi ń rọ́pò ti iléeṣẹ́, ń tọ́jú ètò ẹ̀ sí, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ohun tí ẹ̀yin fúnra yín tẹ̀, orúkọ WiFi, páswọ́ọ̀dù, IP, inú /etc/config nìyẹn wà, tẹ́ ẹ bá tẹ `uci show` gbogbo ẹ̀ á jáde, tó bá sì bàjẹ́ ẹ tún un tẹ̀, kò tó nǹkan. Ìkejì ni ohun tí bootloader, ètò àkọ́kọ́ tó ń jí ráútà, ń rántí, ibi tó ti máa gbé kernel (ọkàn sọ́fítíwíà náà) àti iye ìṣẹ́jú àáyá tó máa dúró. Ìkẹta ni àmì ìbí ẹ̀rọ náà, MAC àti dátà rédíò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìkẹta yìí lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wọlé sórí ráútà pẹ̀lú ssh (ọ̀nà tí láptọ́ọ̀pù fi ń pàṣẹ fún ráútà), IP ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1, kẹ́ ẹ tẹ:

```
cat /proc/mtd
```

Ohun tó jáde lórí tèmi rèé:

```
dev:    size   erasesize  name
mtd0: 00020000 00010000 "u-boot"
mtd1: 003d0000 00010000 "firmware"
mtd2: 0016f0a4 00010000 "kernel"
mtd3: 00260f5c 00010000 "rootfs"
mtd4: 00030000 00010000 "rootfs_data"
mtd5: 00010000 00010000 "art"
```

Ṣíìpù kan ṣoṣo tí ò ju 4 MB lọ ni wọ́n pín sí bí ẹ ṣe ń wò ó yìí, pátíṣọ̀n là ń pe ìpín kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà hex ni gbogbo ẹ̀, 00010000 jẹ́ báìtì 65,536, ìyẹn 64 KB, bẹ́ẹ̀ náà ni art, ibi tí dátà rédíò wà, ṣe tóbi tó. Ẹ ṣàkíyèsí pé firmware ò dá dúró, inú ẹ̀ ni kernel àti rootfs (àwọn fáìlì OpenWrt) wà, ẹ ro méjèèjì pọ̀, 003d0000 lẹ máa rí, inú rootfs náà ni rootfs_data (ibi tí ètò tẹ́ ẹ tẹ̀ ń wà) sì wà. Tẹ́ ẹ bá ka gbogbo ìlà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé wọ́n tò tẹ̀léra, ìṣirò yín ò ní bọ́ sí i.

Erasesize yẹn ńkọ́? Fláàṣì dà bí wàláà ilé kéwú. Ẹ lè kọ̀wé lé ibi tó bá ṣófo, àmọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa nǹkan rẹ́ nínú ẹ̀, gbogbo ojú wàláà lẹ máa fọ̀, ẹ ò lè fọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ojú wàláà kan níbí jẹ́ 64 KB. Ibi tí wọ́n bá ti fọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ nǹkan sí, FF ló máa ń jẹ́ látòkè délẹ̀, ẹ rántí èyí torí ó máa wúlò láìpẹ́. Ẹ wá wò ó, ẹni tó fẹ́ yí báìtì mẹ́fà péré padà nínú art, ó gbọ́dọ̀ fọ gbogbo art kó tó tún un kọ, tí iná bá wá lọ láàárín fífọ̀ àti kíkọ, ó parí. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe rí.

Ohun míì, ẹ má há nọ́ńbà mtd sórí. Lórí OpenWrt 18.06, art ráútà yìí ń jẹ́ mtd4, nígbà tí mo gbé e sí 19.07 tó ń lo ath79 (ẹ̀ka OpenWrt fún ṣíìpù Atheros) ó di mtd5, ṣíìpù kan náà, ibì kan náà. Ẹni tó bá kọ mtd4 sínú skrípítì ẹ̀ nígbà yẹn, rootfs_data ló máa kà, kò sì ní mọ̀. Orúkọ ni kẹ́ ẹ fi wá a:

```
p=$(grep '"art"' /proc/mtd | cut -d: -f1)
echo $p
```

Tí echo ò bá sọ nǹkan kan, ráútà yín ò ní pátíṣọ̀n tó ń jẹ́ art nìyẹn. Èyí tó bá ń lo ṣíìpù MediaTek, "factory" ni wọ́n sábà máa ń pè é níbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka MAC. Lórí àwọn TP-Link àtijọ́ bíi tèmi yìí, inú art kọ́ ni MAC wà o, ìparí pátíṣọ̀n u-boot, ìyẹn ti bootloader, ló wà, ní 0x1fc00 (0x yẹn ń sọ pé hex ni nọ́ńbà náà). Hexdump ni àṣẹ tó ń fi báìtì hàn:

```
hexdump -C -s 0x1fc00 -n 16 /dev/mtd0
0001fc00  c4 6e 1f 3a 7b 20 ff ff  ff ff ff ff ff ff ff ff  |.n.:{ ..........|
```

Báìtì mẹ́fà àkọ́kọ́, c4:6e:1f:3a:7b:20, MAC nìyẹn. Mo ti yí mẹ́ta ìgbẹ̀yìn padà, ẹ má wulẹ̀ wá a. Lẹ́yìn ẹ̀, ff ni títí lọ, wàláà tí wọn ò kọ nǹkan sí. Ẹ gbé ráútà sókè, ẹ fi wé sítíkà ìdí ẹ̀. Tó bá bára mu, ẹ ti kàwé débi tó yẹ. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà ìgbẹ̀yìn nìkan ló fi ọ̀kan ju ti sítíkà lọ tàbí tó fi ọ̀kan dín, ẹ má jáyà, MAC kan ni wọ́n kọ, sọ́fítíwíà ló ń ro ọ̀kan mọ́ ọn fún ojú LAN tàbí WAN. Ẹ lè wo èyí tí ráútà ń lò lọ́wọ́ báyìí:

```
cat /sys/class/net/eth0/address
```

Nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà níbẹ̀, ẹ wo 0x1fd00. Lórí tèmi, ohun tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni 08 41 00 09, ẹ kà á dáadáa, 841 v9 ló kọ síbẹ̀. Ní 0x1fe00, nọ́ńbà mẹ́jọ tó jẹ́ PIN WPS (èyí téèyàn lè fi wọ WiFi yín láìní páswọ́ọ̀dù) lẹ máa rí, gbangba báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má máa gbé odindi fláàṣì wọn sínú grúùpù pé "ẹ bá mi wò ó", PIN yín wà níbẹ̀, páswọ́ọ̀dù WiFi yín náà sì wà nínú rootfs_data.

OpenWrt ní iṣẹ́ kékeré kan tó ń ka MAC fúnra ẹ̀, ó sì ń fi orúkọ wá pátíṣọ̀n, kò fi nọ́ńbà wá a:

```
. /lib/functions.sh
. /lib/functions/system.sh
mtd_get_mac_binary u-boot 0x1fc00
```

Èyí ni mo fẹ́ràn jù tó bá jẹ́ skrípítì ni mo ń kọ. Àmọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ẹ lo hexdump ná, kójú yín mọ báìtì.

Ó kan art wàyí. Dátà rédíò ath9k (dráífà WiFi Atheros) bẹ̀rẹ̀ ní 0x1000 nínú ẹ̀:

```
hexdump -C -s 0x1000 -n 16 /dev/$p
```

Tó bá jẹ́ ìdílé ṣíìpù AR9300, tí ráútà mi yìí wà lára wọn, báìtì méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀dà ètò náà, 02 02 lẹ sábà máa rí, lẹ́yìn náà báìtì mẹ́fà fún MAC, ìyẹn 0x1002. Gbogbo dátà tí dráífà ń kà jẹ́ 0x440, báìtì 1,088. Ohun mẹ́ta ló yẹ kójú yín wà lára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí FF látòkè délẹ̀, ẹnì kan ti fọ wàláà. Tẹ́ ẹ bá rí 00 02 03 04 05 06 níbi tó yẹ kí MAC wà, ẹ má rò pé MAC gidi nìyẹn, àpẹẹrẹ tó wà nínú kóòdù dráífà fúnra ẹ̀ ni, ìtumọ̀ ẹ̀ sì ni pé ibòmíì ni wọ́n kọ MAC ráútà náà sí, bíi inú u-boot tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò yẹn. Ẹ̀kẹta, tó bá jẹ́ MAC ráútà míì ló wà níbẹ̀, ẹnì kan bíi tèmi ti gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá.

Lórí MediaTek ètò ẹ̀ yàtọ̀. Nínú factory, báìtì méjì àkọ́kọ́ ni orúkọ ṣíìpù, MT7628 á kọ 28 76, MAC WiFi wá tẹ̀lé e ní 0x4. Ẹni tó bá fojú kékeré wo 28 76 á ní ó ti bàjẹ́, ṣebí 7628 ló yẹ kó jẹ́. Kò bàjẹ́ o, ìrù ló ṣáájú orí, bí pírósẹ́sọ̀ yẹn ṣe ń to nọ́ńbà nìyẹn. Ti Atheros tèmi, orí ló ń ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ orí àti ìrù yìí ti pa mí lẹ́kún rí. Mo gbé fáìlì u-boot wá sórí láptọ́ọ̀pù, mo tẹ hexdump láìfi -C sí i, ó sì kọ:

```
6ec4 3a1f 207b ffff
```

Mo ní há, ta ló yí MAC mi padà? Kò sẹ́ni tó yí nǹkan kan padà. Láìsí -C, hexdump ń mú báìtì méjì méjì, á sì tò wọ́n bí pírósẹ́sọ̀ tó wà lórí ẹ̀ ṣe ń tò wọ́n, láptọ́ọ̀pù yín ń fi ìrù ṣáájú, ráútà yẹn ń fi orí ṣáájú, fáìlì kan náà á wá ní ojú méjì. Ẹ ṣáà máa fi -C sí i nígbàkígbà, kò ṣòro.

Ẹ ti rí i, ẹ wá kọ́pì ẹ̀ jáde:

```
ssh root@192.168.1.1 "cat /dev/mtd5" > art.bin
ssh root@192.168.1.1 "cat /dev/mtd5" > art2.bin
ls -l art.bin
cmp art.bin art2.bin
```

Orí láptọ́ọ̀pù lẹ ti máa tẹ èyí, kì í ṣe orí ráútà, nọ́ńbà mtd tí echo sọ fún yín lẹ máa fi sípò 5. Fáìlì gbọ́dọ̀ jẹ́ 65536 géérégé, cmp ò sì gbọdọ̀ sọ nǹkan kan, tó bá ti dákẹ́ ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún u-boot. Ẹni tó bá fẹ́ fi scp kọ́pì ẹ̀, ẹ fi -O sí i, torí OpenSSH láti 9.0 ti ń lo SFTP, ráútà ò sì ní in, ẹ máa kàn rí i pé ó kọ̀. Ẹ má sì kó o sí /tmp kẹ́ ẹ lọ sùn, RAM ni /tmp, tí iná bá lọ ó lọ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́ tó bá jẹ́ kíkà ni, /dev/mtd5 ni kẹ́ ẹ lò. /dev/mtdblock5 náà ṣeé kà, àmọ́ àṣìṣe kékeré kan pẹ̀lú dd (àṣẹ tó ń kọ́pì, if ni ibi tó ti ń kà, of ni ibi tó ń kọ sí), if tẹ́ ẹ kọ ní of, mtdblock á bá yín fọ wàláà, á sì bá yín kọ ọ́, kò ní béèrè nǹkan kan. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ OpenWrt fún ráútà ti fi read-only sára art nínú device tree (fáìlì tó ń ṣàpèjúwe ẹ̀rọ náà fún kernel), Ọlọ́run á bù kún wọn, àmọ́ ẹ má gbára lé e.

Ó kan ti bootloader, èmi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí "u-boot-env" nínú /proc/mtd, env yẹn ni ohun tí bootloader ń rántí, ẹ fi uboot-envtools sórí ráútà, kẹ́ ẹ tẹ fw_printenv. Ó ń wo /etc/fw_env.config kó tó mọ ibi tó máa kà, ìlà kan ni, bíi:

```
/dev/mtd1 0x0 0x1000 0x10000
```

Pátíṣọ̀n, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bí env ṣe tóbi tó, bí ojú wàláà ṣe tóbi tó. Ìkẹta yẹn ni pańpẹ́. Báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú env ni CRC32, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń yẹ dátà wò bóyá ó pé, gbogbo ìyókù ni wọ́n sì fi ṣírò ẹ̀, tó fi mọ́ ibi tó ṣófo, nítorí náà tẹ́ ẹ bá kọ 0x1000 tó sì jẹ́ 0x10000 ni, CRC ò ní bára mu láéláé. Fw_printenv á ní "Bad CRC, using default environment", á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bootcmd àti bootdelay jáde, wọ́n á sì jọ òótọ́ gan-an. Irọ́ ni, inú fw_printenv fúnra ẹ̀ ló ti mú wọn wá, kì í ṣe inú fláàṣì yín. Mo mọ èèyàn tó fi fw_setenv tẹ̀ lé e níbẹ̀, ó kọ env irọ́ lé ti gidi. Ẹ fi hexdump wo pátíṣọ̀n náà fúnra yín, ẹ máa rí àwọn ọ̀rọ̀ bíi bootdelay=1 lápá ọ̀tún, 00 kan láàárín ọ̀kan àti èkejì, 00 méjì níbi tó parí sí.

Àwọn ráútà tí fláàṣì wọn jẹ́ NAND, irú fláàṣì míì, àwọn tó ní 128 MB bẹ́ẹ̀, ẹ má fi dd kà wọ́n. NAND máa ń ní ojú wàláà tó ti kú láti iléeṣẹ́ wá, nanddump mọ bó ṣe ń fo wọ́n, dd ò mọ̀, ibì kan tó bá ti kú, ohun tẹ́ ẹ kà á bàjẹ́ láti ibẹ̀ lọ. Tó bá sì jẹ́ UBI (ètò tó ń bójú tó ojú wàláà NAND) ló wà lórí ẹ̀, ẹ kà á láti /dev/ubi0_0 àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ubinfo -a á sọ èyí tó jẹ́ kí ni fún yín.

Tí ráútà ò bá wá tàn mọ́ rárá ńkọ́, bíi ìkejì mi yẹn? Ohun tó yẹ kí n ti ṣe nìyí. Ẹ yọ iná kúrò lára ẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ wá ṣíìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, àmì kékeré tó wà ní igun kan ni ẹsẹ̀ kìíní. Ẹ fi clip mú un, kẹ́ ẹ so ó mọ́ CH341A, ẹ̀rọ kékeré tí láptọ́ọ̀pù fi ń ka ṣíìpù láti USB. Ẹ ṣọ́ra fún CH341A dúdú tó pọ̀ lọ́jà yẹn, ó ń gbé 5V sórí wáyà dátà, 3.3V sì ni ṣíìpù yìí ń fẹ́, ọ̀pọ̀ ń lò ó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan ò ṣe é, èmi ti tún tèmi ṣe. Lẹ́yìn náà:

```
flashrom -p ch341a_spi -r full1.bin
flashrom -p ch341a_spi -r full2.bin
cmp full1.bin full2.bin
```

Tí cmp bá rojọ́, clip ò mú ẹsẹ̀ kan dáadáa, ẹ tún un mú, ẹ tún un kà. Tó bá dákẹ́, ẹ gé art jáde. Gbogbo ṣíìpù jẹ́ 0x400000, art ni 64 KB tó kẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ ní 0x3f0000, ìyẹn ni pé ojú wàláà 63 ló wà níwájú ẹ̀:

```
dd if=full1.bin of=art.bin bs=65536 skip=63 count=1
```

Ẹ wo 0x1000 nínú art.bin bí a ṣe wò ó lókè. Ti u-boot, 128 KB àkọ́kọ́ nínú full1.bin ni, 0x1fc00 ẹ̀ ò yí padà. MAC tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sọ fáìlì lórúkọ, bíi art-c46e1f3a7b20.bin, torí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ bá ní art.bin mẹ́rìnlá nínú fódà kan, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni mọ́.